Ohùn Ojúẹlẹ́gba nínú Àwo Orin Emeka Ogboh: Ìtàn Ibùdókọ̀ Kan àti Èdè Rẹ̀

Ìfáárà

Ní ọdún 2022, Emeka Ogboh gbé àwo orin kan jáde tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú orúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà àti lẹ́tà méjì péré ni orúkọ náà: 6°30′33.372″N 3°22′0.66″E. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn atukọ̀ ojú omi ṣe ń fi nọ́ńbà tọ́ka sí ibi tí wọ́n wà lórí ilẹ̀ ayé yóò mọ̀ pé ibì kan pàtó ni a ń júwe. Bí a bá tẹ nọ́ńbà wọ̀nyí sínú àwòrán ilẹ̀ tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà, Ojúẹlẹ́gba ni yóò gbé wa dé, ní Sùúrùlérè, ní ìlú Èkó. Ilé-iṣẹ́ tí ó gbé àwo náà jáde kì í ṣe ti ẹlòmíràn; olórin náà ni ó dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Danfotronics. Danfó ọkọ̀ èrò ni ó so pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti tọpa ìtàn tí ó bí irú àwo bẹ́ẹ̀, kí a sì sọ ibi tí ó yẹ kí a fi í sí nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá. Èrò wa ni pé àkọsílẹ̀ ìtàn ni, nípa bí wọ́n ṣe ń fi Yorùbá pe èrò, tí wọ́n fi ń ṣòwò, tí wọ́n sì fi ń bára wọn jà ní ibùdókọ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlélógún. A mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè ohun tí ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú orin ẹ̀rọ tí ọmọ Enugu kan ṣe, ẹni tí ó fi Èkó àti Berlin ṣe ibùgbé. Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni ìyókù iṣẹ́ yìí.

Irú orin tí ó jẹ́

Kí a tó dé Ojúẹlẹ́gba, ó yẹ kí a mọ irú orin tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé kò bá èyí tí ó pọ̀ jù láàrin wa mu. Kò sí agbórin tí ó dúró níwájú, kò sí elégbè lẹ́yìn, ìlù pàápàá kì í sábà léwájú. Ẹ̀rọ ni a fi ń to ìró jọ: ìró tí ó gùn tí ó sì ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, èyí tí ó ń wọlé tí ó ń jáde bí ìgbà tí ènìyàn jókòó sí yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Òyìnbó pè é ní ambient. Brian Eno, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi orúkọ yìí lé irú orin bẹ́ẹ̀ lórí nígbà tí ó gbé àwo rẹ̀ Music for Airports jáde ní ọdún 1978. Èrò Eno ni pé kí orin náà jẹ́ èyí tí ènìyàn lè gbọ́ kí ó má kà á sí, tí ó sì tún lè fetí sí kí ó rí nǹkan mú níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí, nítorí a ó padà wá bá a jà.

Ẹ̀ka kejì tí ó bí àwo Ogboh dàgbà ju ti Eno lọ, òun sì ni ó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa. Èyí ni àṣà kí a gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí ìgboro, kí a gba ohùn ayé sílẹ̀, kí a sì fi ohùn náà ṣe orin. Nínú ìwé púpọ̀, Pierre Schaeffer ará Faransé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ẹni tí ó fi ìró ọkọ̀ ojú irin ṣe orin ní Párís ní ọdún 1948. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1944, ọdún mẹ́rin gbáko ṣáájú ìyẹn, ọmọ Áfíríkà kan tí ń jẹ́ Halim El-Dabh ti yá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ oníwáyà ní ilé-iṣẹ́ rédíò ní Kairo, ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ó gba ohùn àwọn obìnrin tí ń ṣe ètùtù zār sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ yí ohùn náà padà títí ó fi di nǹkan mìíràn. A kò sọ èyí láti fi gba adé lórí Schaeffer. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé ohùn ìṣẹ̀ṣe, ohùn àwọn tí ń bá ẹ̀mí sọ̀rọ̀, wà lára ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀dá fi ẹ̀rọ yí padà láti fi ṣe orin, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sì ti ṣẹlẹ̀.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní ìlú Vancouver ní Kánádà, R. Murray Schafer àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn ìlú wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ìtàn ṣe ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́. Wọ́n gbé àwo kan jáde lórí rẹ̀ ní 1973. Ọ̀dọ̀ wọn ni èrò náà ti gbilẹ̀ pé ìlú ní ìrísí tí etí ń rí, àti pé ìrísí yìí lè kú bí ilé àtijọ́ ṣe ń wó.

Emeka Ogboh

Ọdún 1977 ni wọ́n bí Emeka Ogboh ní Enugu. Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ni ó ti kàwé, iṣẹ́ ọnà ni ó sì kọ́, kì í ṣe orin. Ní ọdún 2008 ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà òtútù kan tí wọ́n ṣe fún àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Fayoum ní Íjíbítì, níbẹ̀ ni ó sì ti bá ìró pàdé gẹ́gẹ́ bí ohun tí a lè fi ṣe iṣẹ́ ọnà. Ìgbà tí ó padà dé Èkó ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó pè ní Lagos Soundscapes. Ó ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kiri ọjà àti ibùdókọ̀, ó ń gba ohun tí gbogbo wa ń gbọ́ tí a kì í kà sí.

Kò pẹ́ tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkèèrè fi mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2015, níbi ìpàtẹ ńlá ti Venice, ó kó àwọn ọmọ Áfíríkà mẹ́wàá tí ń gbé ní Berlin jọ, ó sì ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi èdè abínibí rẹ̀ kọ orin ìlú Jámánì. Yorùbá wà nínú àwọn èdè mẹ́wàá náà. Ní ọdún 2016, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Washington gbé iṣẹ́ rẹ̀ kan kalẹ̀ tí ó ṣe láti inú ariwo ọjà Balógun. Orí tíréè alápẹẹrẹ aláràbarà, irú èyí tí àwọn oníkiri ń gbé lérí, ni ó gbé àwọn ẹ̀rọ agbóhùnjáde sí. Ẹ fojú inú wò ó: ìpolówó ọjà Balógun ń ti ara tíréè jáde ní olú-ìlú Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ rà.

Àwo orin rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ la òkun kọjá ni Beyond the Yellow Haze. Iṣẹ́ tí ó ṣe fún ìpàtẹ kan ní Párís ní 2018 ni. Ní 2021 ni A-TON, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ Ostgut Ton ti Berlin, wá tẹ̀ ẹ́ sórí àwo dúdú ńlá. Nínú àwo yìí, ìlù ẹ̀rọ tí ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ó gbé fèrè ọkọ̀ àti ohùn ènìyàn dání, àwọn orúkọ bíi “Danfo Mellow” sì fi hàn pé danfó kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Àwo náà dùn-ún gbọ́. Lójú tiwa, ó tilẹ̀ dùn ju bí ó ṣe yẹ lọ: Èkó inú rẹ̀ ti di ìlú tí a ń wò láti inú ọkọ̀ tí a ti dígí rẹ̀ pa. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí Danfotronics gbé jáde dé. Níbẹ̀ ni olórin náà ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ó dúró sójú kan, tí ó sì jẹ́ kí àwọn tí ń jẹun ní ibùdókọ̀ náà sọ̀rọ̀.

Ojúẹlẹ́gba kí ó tó di nọ́ńbà

Orúkọ Ojúẹlẹ́gba kò ṣòro láti tú. Ojúbọ Ẹlẹ́gba, èyíinì ni Ẹlẹ́gbára, Ẹ̀ṣù, ni ó fún àdúgbò náà lórúkọ. Yorùbá mọ Ẹ̀ṣù sí onílé oríta. Òun ni ó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, òun ni ó ń gbọ́ èdè gbogbo, òun náà ni ó sì lè da ọ̀rọ̀ rú láàrin ọ̀rẹ́ méjì. Kò sí ìṣòro nínú kí ojúbọ rẹ̀ wà níbi tí ọ̀nà ti pàdé. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ ẹ́. Ohun ìyanu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀nà ọkọ̀ ńláńlá tún wá pàdé síbẹ̀, bí ẹni pé àwọn tí ó ya àwòrán ọ̀nà náà gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé.

Ìlú tí ó yí i ká kò pẹ́ tí ó kún. Ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti tún ibẹ̀ ṣe, Sùúrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n lé kúrò lọ. Wọ́n kọ́ Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè sí tòsí ibẹ̀, ibẹ̀ ni eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà sì ti wáyé ní 1973. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti Muṣin, láti Yábàá, láti Ìtìrè tàbí láti Erékùṣù Èkó, oríta yìí ni yóò gbà. Wọ́n kọ́ afárá lé e lórí, ibùdókọ̀ sì gbilẹ̀ sábẹ́ afárá.

Àwọn olórin tètè rí i. Ní ọdún 1975, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, gbé àwo Confusion jáde, oríta Ojúẹlẹ́gba ni ó sì fi ṣe àkàwé Nàìjíríà: ọkọ̀ ń bọ̀ láti ìhà gbogbo, kò sí ẹni tí ó ń darí wọn. Ní ọdún 2014, Wizkid, ọmọ Sùúrùlérè, fi “Ojuelegba” sínú àwo rẹ̀ Ayo. Ìgbà tí kò tíì lówó tí kò tíì lókìkí ni ó ń rántí, orin náà sì gbé orúkọ àdúgbò náà dé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti mọ ẹni tí ń jẹ́ Ẹlẹ́gba.

Bí a bá wá gbé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ara wọn, ìyàtọ̀ kan yóò hàn. Fẹlá sọ̀rọ̀ nípa oríta náà. Wizkid sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ ní oríta náà. Ogboh ní tirẹ̀ kò sọ̀rọ̀, ó jẹ́ kí oríta sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ní Ojúẹlẹ́gba, àti bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí ó gbẹ̀yìn nìkan ni yóò wúlò fún un.

Ohùn kọ̀ndọ́kítọ̀ àti lítíréṣọ̀ alohùn

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Láti ìgbà tí Adébóyè Babalọlá ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966, títí dé ìgbà tí Ọlátúndé Ọlátúnjí ṣe àtúpalẹ̀ ewì alohùn Yorùbá ní 1984, ìran onímọ̀ méjì ti ṣe iṣẹ́ ribiribi láti kó ohùn ọdẹ, ohùn eégún, ohùn babaláwo àti ohùn ìyàwó tí ń sunkún lọ ilé ọkọ jọ. Ìpolówó ọjà náà kò ṣaláì rí ìtọ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a kó jọ jẹ́ ohùn tí àwọn tí ń kó o jọ ti gbà pé ó ń kú lọ. Ohùn kọ̀ndọ́kítọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń pariwo mọ́ wa létí lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí a fi kà á sí ariwo lásán.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò díẹ̀. Àwọn àpẹẹrẹ tí a fẹ́ lò kì í ṣe láti inú àwo Ogboh, láti ibùdókọ̀ Èkó káàkiri ni a ti mú wọn, olùkàwé tí ó bá ti wọ danfó rí ló sì lè jẹ́rìí sí wọn. Kọ̀ndọ́kítọ̀ rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ó ní: “Oṣòdì-Oṣòdì-Oṣòdì! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!” Ohun àkọ́kọ́ tí ó hàn ni àwítúnwí, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń dá ewì mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ geere. Àmọ́ àwítúnwí yìí ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ọkọ̀ ń lọ, èrò ń kọjá lọ, etí kan kì í dúró gbọ́ tán. Bí a bá wí i lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tí ó gbọ́ ìdá kan nínú rẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìkejì ni bí ó ṣe ń to orúkọ ibi ra. Kọ̀ndọ́kítọ̀ tí ń pe “Bárékè, Stadium, Costain, CMS” kò kàn ń dárúkọ; bí ọkọ̀ yóò ṣe gba ibẹ̀ kọjá ni ó ń tò wọ́n. Àlejò tí kò mọ̀wé lè fi etí nìkan mọ ọ̀nà. Àwòrán ilẹ̀ ni, ẹnu ni a fi yà á. Ogboh fúnra rẹ̀ kíyè sí èyí gan-an, ó sì ti lo èrò àwòrán ilẹ̀ alohùn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú orin inú àwo 2022 ń jẹ́ “Verbal Drift”. Àwa tí a mọ oríkì ìlú àti oríkì orílẹ̀ yẹ kí a rí ohun tí ó jọ ọ́ níbẹ̀. Oríkì náà máa ń to ibi àti ènìyàn ra bí àwọn baba ṣe gba ibẹ̀ kọjá. A kò sọ pé ọ̀kan-ùn ni wọ́n o. Oríkì ń ka ibi tí a ti bọ̀, kọ̀ndọ́kítọ̀ ń ka ibi tí à ń lọ.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín. Ẹni tí ń pariwo máa ń fẹ́ gbé gbogbo ohùn lọ sókè. Èdè Yorùbá kì í gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ohùn bá yí, ìtumọ̀ yí. Kọ̀ndọ́kítọ̀ tí ó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n kan ta sí i: ó ń gbé ohùn rẹ̀ lápapọ̀ sókè, ó sì ń fi àlàfo sílẹ̀ láàrin òkè àti ìsàlẹ̀ kí orúkọ ibi má baà dàrú. Ọgbọ́n kan náà ni oníjàálá àti onírárà ń dá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Èdè ibẹ̀ kò mọ́ gaara. Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àmúlùmálà, Ìgbò àti Haúsá ń wọnú ara wọn. Kọ̀ndọ́kítọ̀ tí a bí ní Owerri yóò máa fi Yorùbá pe Oṣòdì, èrò tí a bí ní Ìjẹ̀bú yóò sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì àmúlùmálà bá a du ṣéńjì. Àwọn tí ń wá ojúlówó Yorùbá lè tìtorí èyí kọ ibùdókọ̀ sílẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni yóò jẹ́. Ibi tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá ti ń fi Yorùbá jẹun lójoojúmọ́ ni agbára èdè náà ti hàn jù, oríta Ẹlẹ́gba sì ni a wà.

Etí méjì tí ń gbọ́ àwo kan

A ti sọ pé a ó padà sórí ọ̀rọ̀ Eno. Ní ti Eno, orin ambient ni èyí tí ènìyàn lè pa tì bí ó bá wù ú. Olùgbọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwo Ogboh. Létí rẹ̀, ohùn ọkùnrin tí ń pe èrò àti fèrè ọkọ̀ jẹ́ nǹkan kan náà: ìró ni wọ́n, ara ọ̀ṣọ́ yàrá. A kò dá a lẹ́bi; bí a bá gbọ́ ohùn ibùdókọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí létí tiwa náà.

Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá kò lè gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní “Wọlé!”, ara rẹ̀ á ti fẹ́ gbéra kí ọkàn rẹ̀ tó rántí pé orin ni. Bí ẹnìkan bá ń ṣàròyé nínú àwo náà, òun náà á máa wá ẹni tí ó jẹ̀bi. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kì í jẹ́ kí ó pa ìró tì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwo kan ṣoṣo di iṣẹ́ méjì: fún ẹni òkèèrè, orin àyíká ni, fún wa, eré onítàn ni, ó kún fún ìpè, ìbéèrè àti èsì. Àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé nípa irú orin yìí ní Yúróòpù kì í sábà mọ̀ pé ìdajì rẹ̀ kò tíì dé etí wọn. Ẹni tí yóò sọ ìdajì yẹn kò lè jẹ́ ẹlòmíràn bí kò ṣe ẹni tí ó gbọ́ èdè náà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a gba àwo náà bí ẹ̀rí láìyẹ̀ ẹ́ wò. Onítàn tí ó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Olórin ni Ogboh, kì í ṣe akọ̀wé kóòtù. Ó ń gé ohùn, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, ó ń fi ẹ̀rọ fa ìró kan gùn tàbí kí ó jẹ́ kí ó dún bí ẹni pé inú àgbá ni ó wà. Ohùn méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn lórí àwo lè má tẹ̀ lé ara wọn ní ibùdókọ̀. Ohun tí etí lè gbà gbọ́ nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àti bí a ṣe pe ọ̀rọ̀. Ìtòtẹ̀léra kò ṣe é gbára lé. Iṣẹ́ Babalọlá yàtọ̀ pátápátá: ọ̀rọ̀ ìjálá wà nínú ìwé, ìtumọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àríwísí wa kejì jẹ mọ́ orúkọ àwo náà. A mọ ìdí tí olórin fi lo nọ́ńbà. Nọ́ńbà kì í ṣe ojúsàájú, ó sì gbé olùgbọ́ dé ojú ibi gan-an, kì í ṣe dé àdúgbò tí orin Wizkid ti sọ di ìtàn àròsọ. Síbẹ̀, nígbà tí a fi nọ́ńbà rọ́pò Ojúẹlẹ́gba, ojúbọ lọ, Ẹlẹ́gba lọ, gbogbo ohun tí ó jẹ́ kí oríta náà jẹ́ oríta kí ọkọ̀ kankan tó débẹ̀ lọ. Ó dára tí orin kan nínú rẹ̀ fi ń jẹ́ “Oju 2.0”, nítorí pé ojú kan ṣẹ́ kù, bí ẹlẹ́gba rẹ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. “Ayilara” náà wà, orúkọ òpópónà kan tí ó wà níbẹ̀.

Ìlú tí ń yí padà

Kí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ yìí di kánjúkánjú? Ọ̀nà tí Èkó ń gbà gbé èrò ti ń yí padà. Oṣù kẹta ọdún 2008 ni àwọn ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Mile 12 dé CMS. Nínú wọn, kò sí ẹni tí ó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà tí ó ń pe èrò. Èrò tò, ọkọ̀ dé, wọ́n wọlé. Ní oṣù kejì ọdún 2017, gómìnà ìgbà náà, Akínwùnmí Àmbọ̀dé, kéde pé òun yóò mú danfó kúrò lójú títì Èkó. Ó fi ipò sílẹ̀ ní 2019, danfó ṣì wà títí dòní. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ọdún tí àwo náà jáde, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá iṣẹ́ ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW dúró ní àwọn gáréèjì, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ dípò rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, èyí tí ó ń lọ láti Agbado dé Ọyìngbò sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Káàdì tí wọ́n ń pè ní Cowry ni a fi ń sanwó nínú ọkọ̀ irin wọ̀nyí. Owó ẹyọ ti padà dé ní orúkọ, ṣùgbọ́n ìjà ṣéńjì kò sí níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwàdà, èébú àti ọ̀rọ̀ ọgbọ́n tí ìjà ṣéńjì máa ń bí.

A kò sọ pé kí ìlú má tẹ̀ síwájú nítorí lítíréṣọ̀ alohùn. Ẹni tí ó ti dúró nínú òjò ní wákàtí méjì níbi tí danfó ti ń sá fún un kò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ irin méjèèjì kò sì gba Ojúẹlẹ́gba kọjá. Danfó ni ó ṣì ń gbé èrò ibẹ̀, kọ̀ndọ́kítọ̀ ṣì ń pè wọ́n ní ìdájí.

Ọ̀kan nínú orin inú àwo náà ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ báyìí: “Wole”. Kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, kò sí àmì ìsàlẹ̀. Bí ó ṣe wà lórí bébà àwo yẹn, ó lè jẹ́ wọlé, ìpè tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pe èrò. Ó lè jẹ́ Wọlé, orúkọ ènìyàn. Ó sì lè jẹ́ wólé, ohun tí wọ́n ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1955 tí Sùúrùlérè fi kún. Òǹtàwé ní Berlin yóò kà á bí ó ṣe bá a. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èwo ni, àfi kí ó gbé àwo náà sí i, kí ó sì fetí sí i.